Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìtọ́jú Pápá Gọ́ọ̀fù Láti Àkọ́rọ̀ Títí Dé Ọyẹ́

Lẹ́tà àwọn tó ń tọ́jú pápá gọ́ọ̀fù ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló kún orí tábìlì wa lóṣù yìí. Bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ń tẹ̀lé e la ṣe tò wọ́n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tẹ̀ wá lọ́wọ́. Fún ẹni tí kò gbọ́ èdè pápá: tíì ni ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, gíríìnì ni ibi tí ihò àti àsíá wà, tí koríko rẹ̀ kúrú mọ́lẹ̀, fẹ́wéè ni ọ̀nà gbọọrọ tó so méjèèjì pọ̀, ráàfù ni koríko gíga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bọ́ńkà ni kòtò oníyanrìn.

Omi kì í lọ lórí gíríìnì wa

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Pápá oníhò mẹ́sàn-án ni mò ń mójú tó. Láti ìgbà tí àkọ́rọ̀ ti dé, omi máa ń dúró lórí gíríìnì kẹta àti ìkẹfà fún ọjọ́ méjì. A da yanrìn lé wọn lórí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, ńṣe ló tún burú sí i. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ ti bo apá kan báyìí. Ṣé ká tún da yanrìn míì ni?* — Alámòójútó pápá, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ má da ohunkóhun sí i. Ẹ kọ́kọ́ wo inú ilẹ̀ ná. Ẹ fi ọkọ́ pẹlẹbẹ tàbí ọ̀bẹ gígùn gé ilẹ̀ gíríìnì náà bí ẹni gé kéèkì, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ fà á jáde ní odindi, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta lẹ ń wá. Àkọ́kọ́ ni òkú koríko tó ṣùpọ̀ bíi tìmùtìmù lókè. Tó bá ti nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ, òun ló ń mu omi dúró bíi kànrìnkàn. Èkejì ni ìlà dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ìyẹn ń sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ kò wọ ibẹ̀ mọ́, gbòǹgbò kò sì ní gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta ni ìpele yanrìn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, tó sì le gbagidi. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ, ẹ̀kẹta yìí la rò pé ẹ máa bá.

Irú yanrìn tí ẹ rà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri máa ń dán lójú, owó rẹ̀ kò sì gani lára, ṣùgbọ́n amọ̀ wà nínú rẹ̀. Amọ̀ yẹn ló jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ògiri, òun náà ló sì máa dí gíríìnì pa. Yanrìn odò tó mú, tí hóró rẹ̀ wà láàárín ìdá mẹ́rin mílímítà sí mílímítà kan, ni gíríìnì ń fẹ́. Kí ẹ tó san owó tíípà kan, ẹ dán an wò báyìí: ẹ bu yanrìn dé ìdá mẹ́ta ìgò tó mọ́ gaara, ẹ bu omi kún un dé ọrùn, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á rì sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ kíkúnná á tò lé e lórí. Bí yanrìn náà bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí ẹrẹ̀ orí rẹ̀ sì ju mílímítà 5 lọ, ẹ dá tíípà náà padà. Yanrìn tí wọ́n wà létí òkun lápá Èkó kò dára bákan náà nítorí iyọ̀ inú rẹ̀, àfi tí òjò bá ti fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa ṣí ilẹ̀ tó ti dí. Ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ oníhò ló dára jù: abẹ́rẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 10 sí 13, á jìn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, á sì máa fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà síra. Erùpẹ̀ tó bá fà jáde, ẹ gbá a kúrò pátápátá. Bí ẹ bá fọ́ ọ padà sórí gíríìnì, amọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ tún ń dá padà sínú ilé. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi yanrìn gbígbẹ tó mọ́ kún àwọn ihò náà, kí ẹ fi ìgbálẹ̀ líle tì í wọlé títí ihò á fi kún dé ẹnu. Ihò tí kò kún á pa ẹnu dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wàhálà yẹn á sì di òfo.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ, fọ́ọ̀kì ọgbà tí ẹnu rẹ̀ le tó. Kí òṣìṣẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ṣánṣán dé ìdí, kó fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ilẹ̀ lè mì, kó yọ ọ́, kó sún sẹ̀ǹtímítà 10, kó tún tẹ̀ ẹ́. Kó má fi í gbé ilẹ̀ sókè o! Gíríìnì tí wọ́n gbé sókè á di òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ń gba àkókò, nítorí náà ẹ pín gíríìnì sí mẹ́rin, kí ẹ máa ṣe ìdá kan lójúmọ́.

Àkókò tó yẹ ni ìparí oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀ tí koríko sì ń dàgbà kíákíá, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló máa fi wo ara rẹ̀. Ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ ni àyè kejì. Lẹ́yìn tí àrọ̀kúrò bá ti parí, ẹ má dá a láṣà: ọyẹ́ á wọ inú ihò yẹn, á gbẹ gbòǹgbò.

Lẹ́yìn ṣíṣí ilẹ̀, ẹ máa bu yanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta títí oṣù Kẹsàn-án. Mílímítà kan àti ààbọ̀ ti tó lẹ́ẹ̀kan. Lórí gíríìnì tó jẹ́ mítà 500 níbùú lóròó, ìyẹn jẹ́ lítà 750, bíi bárò 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba lítà 60. Yanrìn kan náà láti orísun kan náà ni kí ẹ máa lò lọ́dọọdún. Yanrìn oríṣi méjì á dá ìpele sílẹ̀ lábẹ́, omi á sì dúró níbi tí wọ́n ti pàdé.

Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn, òwú omi ni. Ibi tí omi àti òjìji bá ti pàdé, tí koríko sì fẹ́lẹ́, ló máa ń hù sí. Ẹ fi ràkì ha á nígbà tó bá gbẹ, ẹ gé ẹ̀ka igi tó bo ibẹ̀ kí oòrùn òwúrọ̀ lè dé e, kí ẹ gbé gígùn koríko sókè ní mílímítà kan. Oògùn kò ní ṣe é tí omi bá ṣì ń dúró.

Kí ẹ sì tó ṣe gbogbo èyí, ẹ lọ wo ẹnu páìpù tó ń tú omi gíríìnì kẹta àti ìkẹfà jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni koríko ti dí i, tàbí kí òkété ti fi í ṣe ilé. Oṣù Kejì, kí àkọ́rọ̀ tó dé, ló yẹ kí wọ́n máa ṣí àwọn ẹnu páìpù àti gọ́tà wọ̀nyẹn lọ́dọọdún.

Orí koríko ń funfun lẹ́yìn tí a bá gé e

*Mówà oníríìlì la fi ń gé gíríìnì. Ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá gé e tán, gbogbo orí koríko á funfun, á wá pọ́n bí ẹni pé iná rà á. Wọ́n ní kí n sọ abẹ́ kalẹ̀ sí i.* — Awa-mówà, Ìperu-Rẹ́mọ

Ẹni tó ní kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kò gbà yín nímọ̀ràn rere. Abẹ́ yín ti kú. Mówà oníríìlì ń gé bíi sáàsì: ríìlì tó ń yí ni ẹnu kan, irin pẹlẹbẹ tó dúró sójú kan nísàlẹ̀ ni ẹnu kejì. Bí àwọn méjèèjì kò bá fẹnu kanra dáadáa, ńṣe ni wọ́n ń fa koríko ya, ojú ọgbẹ́ yíya yẹn ló sì ń funfun.

Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ. Ẹ ki bébà ìwé ìròyìn tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ríìlì àti irin ìsàlẹ̀, ẹ rọra fi ọwọ́ yí ríìlì. Ó yẹ kó gé bébà ní mímọ́ láti òpin kan dé òpin kejì. Tó bá gé apá kan tó ká apá kejì, ẹ fi sukúrúù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tún un ṣe, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fún un mọ́ra jù: ríìlì tó ń ké gooro á gbóná, ẹnu rẹ̀ á sì kú lójú ẹsẹ̀. Bí títún un ṣe kò bá ràn án, àfi kí ẹ pọ́n ọn. Ẹ po ọ̀dà ìpọ́nrin mọ́ ọṣẹ olómi, ẹ fi búrọ́ṣì ọlọ́wọ́ gígùn pa á sára ríìlì nígbà tó bá ń yí sẹ́yìn, títí ariwo rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ẹ fọ ọ̀dà náà kúrò pátápátá, kí ẹ tún fi bébà dán an wò. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn, lẹ́yìn gbogbo bíbu yanrìn ló yẹ kí ẹ tún ẹnu rẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí kò sí ohun tó ń pa abẹ́ bíi yanrìn. Ẹlòmíì máa ń fi mówà àtijọ́ gé gíríìnì fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn yanrìn, kó lè dá tuntun sí. Ọgbọ́n gidi nìyẹn.

Ní ti gígùn: fún koríko Bermuda lásán, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní kóoko igbá, mílímítà 5 sí 6 dára lórí gíríìnì lóṣù Karùn-ún. Lóṣù Kẹfà àti ìkeje tí ojú ọ̀run ń ṣú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ gbé e dé 6 sí 7, nítorí Bermuda kò fẹ́ràn òjìji, kò sì ní rí oúnjẹ ṣe nínú ewé kúkúrú. Tíì: 10 sí 12. Fẹ́wéè: 15 sí 20. Ráàfù: 40 sí 60. Ẹ má gé ju ìdá mẹ́ta ewé lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí òjò bá dí yín lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tí koríko sì ti ga, ẹ gbé abẹ́ sókè, kí ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ máa yí ọ̀nà ìgé padà lójoojúmọ́, kí koríko má baà sùn sí apá kan. Ẹ má sì bu epo sínú mówà lórí gíríìnì láé. Ẹ̀kán epo kan ṣoṣo á pa koríko ojú ibẹ̀ fún oṣù méjì.

Òwú funfun láàárọ̀

*Kùtùkùtù òwúrọ̀ la máa ń rí nǹkan bí ilé aláǹtakùn lórí gíríìnì. Tí oòrùn bá yọ, kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ á pọ́n róbótó róbótó.* — Odògbólú

Bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n, kì í ṣe aláǹtakùn, olu àìsàn ni. Ìrì tó bá pẹ́ lórí ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá ọparun gígùn gbọn ìrì dànù ní ìdájí, ẹ má bomi rin ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì wò ó bóyá koríko náà kò yó, nítorí irú àmì kékeré bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára koríko tí ebi ajílẹ̀ ń pa. Bó bá ṣì ń tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ra oògùn tó ní mancozeb tàbí chlorothalonil nínú, kí ẹ wọn ún gẹ́gẹ́ bí ara ike rẹ̀ ṣe wí.

Ajílẹ̀ jó gíríìnì mẹ́ta

*Ọmọ iṣẹ́ wa da odindi àpò yúríà kan sórí gíríìnì mẹ́ta láàárọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n. Ṣé a ti pàdánù wọn ni? Ẹnìkan sì ní ká bu ìyẹ̀fun láti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sí i kó lè pa oró rẹ̀.* — Akọ̀wé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpò yúríà kílò 50 ní náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú ewé dàgbà, kílò 23 nínú. Bí gíríìnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mítà 500 níbùú lóròó, ìyẹn lé díẹ̀ ní gíráàmù 15 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 2.5 ló tó lẹ́ẹ̀kan. Ìlọ́po mẹ́fà lọmọ yẹn fún un jẹ, lórí ìrì òwúrọ̀ tó jẹ́ kí gbogbo hóró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ewé.

Ẹ bomi rin ín báyìí, kì í ṣe wẹ́wẹ́: omi tó mílímítà 20 sí 25 lójúmọ́ méjì tẹ̀léra, kó lè wẹ oró náà kọjá gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ẹ fi èékánná ha ara igi koríko tó ń rá lórí ilẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tó sì ní àwọ̀ ewé, á jí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ibi tó bá ti gbẹ dénú nìkan ni kí ẹ gé, kí ẹ fi koríko láti ibi ìtọ́jú koríko yín dí i.

Ní ti ọjọ́ iwájú: kílò 2.7 yúríà, tàbí kílò 8.3 NPK 15-15-15, ló tó fún gíríìnì mítà 500 kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, láti oṣù Kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ẹ má fi agolo dá a. Ẹ po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ ìlọ́po mẹ́ta, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fi ìdajì rìn láti àríwá sí gúúsù, ìdajì kejì láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Koríko gbọ́dọ̀ gbẹ nígbà tí ẹ bá ń fọ́n ọn, kí omi sì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Tí òjò ńlá bá ń ṣú, ẹ dúró. Òjò á kó owó yín lọ sínú gọ́tà. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò gbọ́dọ̀ dé orí gíríìnì rárá, ó ń jó koríko, irúgbìn èpò sì kún inú rẹ̀.

Ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì ńkọ́? Ẹ má gbọ́ tirẹ̀! Sìmẹ́ńtì á dì mọ́ ilẹ̀. Ohun tó da yín láàmú ni pé òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀ Ṣàgámù lóòótọ́, òkúta ẹfun lílọ̀ sì wúlò fún ilẹ̀ tó kan. Ilẹ̀ pupa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sábà máa ń kan, nítorí òjò ti fọ ohun rere inú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn ìkan ilẹ̀ náà: ẹ bu erùpẹ̀ níbi 15 sí 20, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ pò wọ́n pọ̀, kí ẹ fún ibi àyẹ̀wò erùpẹ̀. Bí pH, ìyẹn òǹkà ìkan ilẹ̀, bá ti wà láàárín 6 sí 6.5, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá wà lábẹ́ 5.5, kílò 25 ẹfun lílọ̀ tí wọ́n ń tà fún oko ló tó fún gíríìnì mítà 500 lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹfun àti yúríà, nítorí bí wọ́n bá pàdé lórí ilẹ̀, náítírójìn tí ẹ fowó rà á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ṣé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti pa ihò dà? — Ìkẹ́nnẹ́

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí èrò kò pọ̀, ó lè tó. Nígbà òjò, kò tó rárá: ẹsẹ̀ ń pọ̀ lójú kan lórí ilẹ̀ rírọ̀, etí ihò á sì wú bí ètè ìkòkò. Ẹ pa á dà lójoojúmọ́ tí ẹ bá ní eré, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Òfin ní kí ihò fẹ̀ tó mílímítà 108, kó jìn tó mílímítà 101.6 ó kéré tán, kí agolo inú rẹ̀ sì wọlẹ̀ tó mílímítà 25.4 sí ojú gíríìnì. Nígbà tí ẹ bá ń dí ihò àtijọ́, ẹ fi omi rin ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ki koríko náà padà, kí ojú rẹ̀ bá ti gíríìnì dọ́gba. Tó bá ga, mówà á ré e lórí. Tó bá rẹlẹ̀, bọ́ọ̀lù á fò.

Èpò tí kì í kú

*Gbégi àti dàńdá ti gba tíì wa. A wọn oògùn apakoríko, koríko kú, dàńdá padà wá.* — Ìsarà

Gbégi, tí àwọn míì ń pè ní ẹsẹ̀ kannakánná, fẹ́ràn ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ pa. Bí ẹ bá rí i lójú kan, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti le. Ẹ fi ọ̀bẹ yọ ọ́ tìdítìdí kó tó so, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì ṣí ibẹ̀, kí ẹ sún àmì tíì síbòmíì kí ibẹ̀ lè sinmi.

Dàńdá le jù ú lọ. Bí ẹ bá fà á tu, orí á já, hóró inú ilẹ̀ á sì tún rú. Oògùn tí èròjà rẹ̀ ń jẹ́ halosulfuron ló mọ dàńdá yàtọ̀ sí Bermuda. Ẹ wọn ún nígbà tí dàńdá bá ti yọ ewé mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ má gé e fún ọjọ́ méjì ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì múra láti tún un ṣe. Oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní glyphosate kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi búrọ́ṣì kékeré tọ́ ọ sára ewé èpò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé oògùn apakoríko paraquat tàbí atrazine wá tà fún yín, ẹ rántí pé NAFDAC ti fòfin de èkíní láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024, wọ́n sì de èkejì láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2025.

Láti yanrìn olóìlì sí koríko

*Yanrìn tí a fi òógùn ẹ́ńjìnì, ìyẹn ọ́ìlì dúdú, pò ni gíríìnì wa, báwọn baba wa ṣe fi í sílẹ̀. A fẹ́ gbin koríko. Ṣé a lè da erùpẹ̀ lé e lórí ni?* — Ìjẹ̀bú-Igbó

Rárá. Ọ́ìlì yẹn á pa gbòǹgbò, omi kò sì ní gbà á kọjá. Gbogbo yanrìn olóìlì náà ló gbọ́dọ̀ kúrò, pẹ̀lú erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ títí òórùn ọ́ìlì á fi tán. Ẹ má dà á sí ẹ̀bá odò tàbí ibi tí kànga wà. Ẹ kó o jọ sórí tapólì, kí ẹ fi tapólì míì bò ó, títí ẹ ó fi bá àjọ tó ń rí sí àyíká ní ìpínlẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kíkọ́ gíríìnì mítà 300 níbùú lóròó lọ báyìí. Ẹ wa ilẹ̀ náà dé sẹ̀ǹtímítà 40, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kí òkè rí. Ẹ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ fún páìpù oníhò wẹ́wẹ́ oní-ínǹṣì mẹ́rin, kí wọ́n má fi ju mítà 5 lọ jìnnà síra, kí wọ́n sì máa rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Òkúta wẹ́wẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ló tẹ̀lé e, bíi tíípà mẹ́ta. Ibí làwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í: òkúta gíráníìtì ńlá tí wọ́n fi ń da dẹ́kì kò dára, nítorí yanrìn á rì sáàárín rẹ̀, á dí páìpù. Wẹ́wẹ́ tó wà láàárín mílímítà 2 sí 9 ni kí ẹ rà. Yanrìn sẹ̀ǹtímítà 30 ló kẹ́yìn. Mítà kúbíìkì 90 ni ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n á jókòó, nítorí náà ẹ ra 104 tàbí bẹ́ẹ̀: tíípà tọ́ọ̀nù 20 bíi mẹ́sàn-án. Ẹ fi ìgò dán tíípà kọ̀ọ̀kan wò. Àkọ́kọ́ lè mọ́, kí ìkẹrin má mọ́.

Ẹ gbin ẹ̀ka koríko lóṣù Kẹrin sí Karùn-ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ máa fi omi díẹ̀díẹ̀ tù ú lójú lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àfi ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìgé ní mílímítà 12, kí ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ ní mílímítà kan lọ́sẹ̀. Bíi ọ̀sẹ̀ méjìlá kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Tí pápá bá ní ihò mẹ́sàn-án, ẹ ṣe mẹ́ta lọ́dún. Ẹgbẹ́ tó bá tú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ká lẹ́ẹ̀kan náà, owó á tán nígbà tí iṣẹ́ bá dé àárín.

Kí gíríìnì yá kí Ojúde Ọba tó dé

*Àwọn àlejò láti Èkó ń bọ̀ fún ọdún, ìgbìmọ̀ sì ní ká gé gíríìnì sí mílímítà 3 ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí bọ́ọ̀lù lè máa yára yí lórí rẹ̀.* — Ìjẹ̀bú-Òde

Gíríìnì tí wọ́n bá fá báyẹn kò ní yá, á pọ́n ni, òun làwọn àlejò á sì yà ní fọ́tò pẹ̀lú agbádá wọn. Ohun tó ń mú bọ́ọ̀lù yá ni ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ dẹ́kun náítírójìn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ bu yanrìn fẹ́lẹ́ mílímítà kan ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ní ọjọ́ mẹ́ta ìparí, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ní gígùn tó ti wà tẹ́lẹ̀, lọ́nà méjì tó dábùú ara wọn, kí ẹ sì fi rólà fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ilẹ̀ kò bá rọ̀.

Ẹ tún fi kàlẹ́ńdà sọ́kàn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí, láàárín òjò gan-an. Iléyá sì ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún, nítorí náà yóò máa wọ inú àkọ́rọ̀ lọ. Kí ẹni tó bá ń pète àtiṣí ilẹ̀ lóṣù Karùn-ún wo ọjọ́ ọdún ná, kí àwọn àlejò má baà bá ihò lórí gíríìnì.

Omi ẹ̀ẹ̀rùn: mélòó ló tó?

*Kànga ẹ̀rọ kan la ní. Láti oṣù Kejìlá, gbogbo pápá ló ń pọ́n. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ká máa bomi rin fẹ́wéè.* — Ṣàgámù

Ẹ fi ìṣirò dá wọn lóhùn. Bermuda ń fẹ́ bíi mílímítà 5 omi lóòjọ́ nínú ọyẹ́. Gíríìnì mẹ́sàn-án tó jẹ́ mítà 500 ọ̀kọ̀ọ̀kan á mu lítà 22,500. Ẹ̀rọ tó ń fa lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan á ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 15 kó tó rí ìyẹn fà. Hẹ́kítà kan fẹ́wéè nìkan á mu lítà 50,000. Ibo lẹ fẹ́ ti rí i? Bermuda fẹ́wéè á pọ́n, á sùn, òjò àkọ́rọ̀ á sì jí i. Gíríìnì àti tíì ni kí ẹ dáàbò bò.

Láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ afọ́nmi yín ń fọ́n bó ṣe yẹ, ẹ to agolo mílíìkì mẹ́wàá kálẹ̀ lórí gíríìnì, ẹ ṣí omi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi rúlà wọn omi inú wọn. Bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ mílímítà 3, ìṣẹ́jú 25 á fún yín ní 5. Bí agolo kan bá kún tí èkejì sì gbẹ, ẹnu afọ́nmi kan ti dí. Ẹ bomi rin kí ilẹ̀ tó mọ́, kó parí bí oòrùn bá ń yọ. Ní ọ̀sán tí ọyẹ́ bá mú, ẹ fi họ́ọ̀sì tu gíríìnì lójú fún ìṣẹ́jú méjì. Ìyẹn wà fún títu ewé lára, kì í ṣe fún gbòǹgbò.

Ojú kan lè wà tí omi ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀ bí ìgbà tó bá dà sórí ewé kókò. Yanrìn ibẹ̀ ti dì bí ìda. Ẹ gún un ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ fi oògùn amómiwọlẹ̀ sí i, kí ẹ bomi rin ín díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú 10 láàárín.

Ṣùgbọ́n àárín oṣù Kẹwàá ni ẹ̀ẹ̀rùn ti ń bẹ̀rẹ̀ fún olùtọ́jú pápá. Ìgbà yẹn lẹ ó ti bu ajílẹ̀ póótáṣì sí i, kílò 2.5 fún gíríìnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dín náítírójìn kù, kí ẹ sì gbé gígùn ìgé sókè ní mílímítà kan. Gbòǹgbò tí àrọ̀kúrò bá mú kó jìn wọlẹ̀ ni koríko máa fi mu omi nínú oṣù Kìíní. Lóṣù Kejìlá, ẹ ro etí pápá mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n mítà 5 yí ká, pàápàá níbi tí igbó ewé Akíntọ́lá bá ti gbẹ, kí iná ìgbẹ́ má baà kọjá wọlé.

Màlúù tẹ gíríìnì wa lóru — Òde-Rẹ́mọ

Omi tí ẹ fi rin ín ló fà wọ́n, nítorí òun nìkan ni koríko tútù tó kù ládùúgbò. Okùn onírin ìlà méjì yí gíríìnì ká láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta kò wọ́n ju àtúnṣe lọ. Ní ti ojú pátákò, ẹ má fi ohunkóhun gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, á fà gbòǹgbò já. Ẹ ki fọ́ọ̀kì kékeré sí etí rẹ̀ ní igun mẹ́rin, kí ẹ ti ilẹ̀ náà wá sí àárín, ẹ bu yanrìn díẹ̀ sí ibi tó bá kù, kí ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ kọ́ àwọn kádì, ìyẹn àwọn tó ń ru àpò agbágọ́ọ̀fù, fún àmì tí bọ́ọ̀lù bá dá sí gíríìnì nígbà tó bá já lulẹ̀.